Àbọ̀ lórí rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì mi tó ti gbó

Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo ní ilẹ̀kùn fíríìjì mi kì í dé dáadáa mọ́, tí yìnyín sì ń gbá jọ sínú rẹ̀.

Omi ọṣẹ àti fasilíìnì tí ẹ ní kí n kọ́kọ́ fi tọ́jú rọ́bà àtijọ́ ṣiṣẹ́ díẹ̀ lápá òkè, àmọ́ igun ìsàlẹ̀ ti ya. Rọ́bà tuntun ló yanjú ẹ̀. Nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì tó wà lára fíríìjì ni kí ẹ fi rà á o, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n.

Tèmi kò ní síkúrù kankan, inú kòtò tóóró ló há sí, mo kàn fà á yọ láti igun ni. Tuntun náà ti ká kò nínú páálí, mo bá rì í sínú omi gbígbóná títí ó fi nà, mo nù ún gbẹ, mo tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé kí n tó kan àárín. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kó ṣe rí, torí tí ẹ bá ti àárín bẹ̀rẹ̀, igun kò ní fẹ́ wọlé mọ́.

Bébà tí mo bá há sẹ́nu ilẹ̀kùn kì í yọ̀ bọ́ mọ́, mọ́tò fíríìjì náà sì ti ń sinmi. Ẹ̀gbẹ́ híńjì nìkan ló ṣì ṣí fẹ́ẹ́rẹ́. Mo fi dráyà irun gbóná sí i, ó ti dín kù, kò tíì tán.