Báwo ni a ṣe ń dá surf scoter mọ̀ láàárín ọ̀wọ́ common scoter?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin àgbà nídìí wíwo ẹyẹ, mo kí yín o. Etíkun àríwá Wales ni mo ti ń wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ òkun tó ń wá síbẹ̀ lásìkò òtútù. Common scoter ló pọ̀ jù nínú wọn, àmọ́ surf scoter láti Àríwá Amẹ́ríkà máa ń dara pọ̀ mọ́ wọn. Lánàá, abo kan tó ní àmì funfun méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yọ lórí ìgbì, kò sì pẹ́ tó fi rì padà. Ṣé surf scoter ni, àbí velvet scoter?

Èsì kìn-ín-ní
Ẹ kú akitiyan. Akọ surf scoter kì í ṣòro, nítorí pé funfun wà níwájú orí rẹ̀ àti ní ìpàkọ́, ti ìpàkọ́ yìí sì máa ń hàn ketekete láti òkèèrè. Lára abo ni iṣẹ́ wà. Àmì méjì tí ẹ rí ti yọ common scoter kúrò, torí pé odindi ẹ̀rẹ̀kẹ́ abo tirẹ̀ ló mọ́lẹ̀, tí àtàrí rẹ̀ sì dúdú bí ẹni dé fìlà. Ìdí àgógó ni kí ẹ wò báyìí. Ti surf scoter nípọn, ibi tí ìyẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti pàdé rẹ̀ sì dúró lóòró bí ìlà, ṣùgbọ́n ìyẹ́ ojú velvet scoter máa ń gùn wọ ẹ̀gbẹ́ àgógó.

Èsì kejì
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èmi kì í fi ojú nìkan dájọ́, nítorí pé àmì ojú àwọn ọmọdé wọn kì í dọ́gba. Velvet scoter ní funfun lápá, ó sì lè bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá nígbà tó bá ń lúwẹ̀ẹ́, nítorí náà ẹ ní sùúrù títí yóò fi gbọn apá. Surf scoter kò ní funfun kankan níbẹ̀. Tí common scoter bá ń gbọn apá tirẹ̀, ó máa ń tẹ orí wálẹ̀ lójijì. Bó bá sì fẹ́ rì, ṣe ló máa ń pa apá mọ́ra, àwọn méjì yòókù a máa ṣí tiwọn díẹ̀.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Apá kò hàn sí mi rárá, nítorí náà n kò ní tíì kọ orúkọ kankan sílẹ̀ fún un.

Èsì kẹta
Bí ẹ bá padà lọ, ẹ yẹ àwọn akọ tó dúdú látòkè délẹ̀ wò pẹ̀lú. Àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ ló wà lórí àgógó common scoter, ṣùgbọ́n ìdí àgógó black scoter ti Amẹ́ríkà wú, ó sì pọ́n rúsúrúsú.