Róbọ́ọ̀tì dúró sí ibùdó rélùwéè mi, kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà. Rélùwéè tó ti Èkó lọ Ìbàdàn, Abẹ́òkúta ló gbà, kò yà sọ́dọ̀ wa. Èmi náà bá tẹ́ tèmi sórí pákó ní pálọ̀. Rélùwéè ìṣeré tòkunbọ̀ ni, ìwọ̀n HO, ìyẹn 1:87: ohun gidi tóbi tó ìlọ́po 87 rẹ̀.

Ọmọ mi ní dandan, róbọ́ọ̀tì òun ni yóò máa ṣọ́ ibùdó. Ó wu èmi náà, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà 12 ni róbọ́ọ̀tì yìí: ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 87, ó lé ní mítà 10! Àwọn èrò tí mo tò síbẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, wọn ò dé orúnkún rẹ̀.

Mo gbé e sẹ́yìn òkè, ọmọ gbé e padà. Lọ́jọ́ Sátidé, kóòṣì gígùn ń yí kọ́nà, àárín rẹ̀ yọ kọjá irin, ó gbá a, apá já. Gúlù ló dì í mú báyìí. Mo ro ti ìwọ̀n N tó kéré sí HO, ìyẹn 1:160, àmọ́ ìyẹn á tún sọ ọ́ di mítà 19.

Ṣé kí n wá róbọ́ọ̀tì kékeré tó bá 1:87 mu ni, àbí kí n fi òmìrán yìí sílẹ̀, kí n tún ìlú kọ́ yí i ká?

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.