Ọ́ìlì tó sùn sí yàrá kejì

Ọmọ Ìsánlú, Yellowknife
Okun o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí ọkọ̀ òfuurufú, ẹ gbà mí. Caravan kan, ọkọ̀ òfuurufú kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan, sùn síta mọ́jú lọ́dọ̀ wa. Mo yọ géèjì ọ́ìlì láàárọ̀, ó ti wálẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ìwé sọ pé ó pé lálẹ́ àná. Mo bu kúọ́ọ̀tì méjì, bíi lítà méjì, sí i. Nígbà tí ọkọ̀ padà dé, gbogbo abẹ́ ikùn rẹ̀ ń dán yinrin. Ọ̀gá mi ò bú mi, ó kàn na àkísà sí mi. Mo nù ún títí apá fi ń ro mí. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nídìí mọ́tò ní Kàbà náà ni mo ṣe é: àárọ̀ kùtù, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná.

Bọ̀dá Mọ̀pà, Anchorage
Àbúrò, okun. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lórí Peugeot 504 ò lè ṣàì kó sí i. Èmi náà ti fi àkísà nu temi rí.

Ti mọ́tò, ọ́ìlì máa ń ro sínú páànù ìsàlẹ̀, ibẹ̀ náà ni géèjì ti ń wọ̀n ọ́n. PT6, ẹ́ńjìnnì tó wà lára Caravan, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Táǹkì ọ́ìlì rẹ̀ wà nínú ara ẹ́ńjìnnì, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí o bá pa á, ọ́ìlì á rọra máa yọ́ gba inú pọ́ǹpù lọ sínú gíábọ́ọ̀sì ẹ̀yìn. Tó bá di àárọ̀, géèjì wọ táǹkì, kò bá nǹkan tó pọ̀. Ọ́ìlì ò sọnù, ó sùn sí yàrá kejì ni. O wá da òmíràn lé e. Bẹ́ ẹ ṣe tanná sí i, èyí tó sùn padà sílé, ilé kún, ẹ́ńjìnnì bá pọ ìyókù láti ihò tó fi ń mí. Ìyẹn lo nù.

Ó sì yẹ kó o fura. Ọ́ìlì tó pé lálẹ́, tí ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ gbẹ, níbo ló gbà lọ?

Láàárín ìṣẹ́jú 10 tẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì ni kó o yọ géèjì, kó o sì wo àmì MAX HOT. Tó bá jẹ́ àárọ̀ tó ti tutù pátápátá, MAX COLD ni kó o wò. Mo lérò pé MAX HOT lo fi wọn ọ́ìlì tútù. Bí ìṣẹ́jú 10 bá ti kọjá, tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ kọ́kọ́ fi sítátà yí ẹ́ńjìnnì láìfún un lépo, kí ọ́ìlì lè padà sílé. Ọ̀gá rẹ ni kó ṣe ìyẹn o.

Nọ́ńbà ara géèjì náà ń tan èèyàn. Kì í ṣe iye tó wà níbẹ̀ ló ń kà, iye kúọ́ọ̀tì tó kù kó pé bí ọ́ìlì bá gbóná ni. Má sì máa lé e dé òkè téńté. Tó bá ti wà láàárín kúọ́ọ̀tì kan àtààbọ̀ sí àmì, fi í sílẹ̀.

Àǹtí Kàbà, Winnipeg
Ìwé ni kó o fẹ́ràn ju géèjì lọ, àbúrò mi. Gbogbo ìgbà tó o bá bu ọ́ìlì, kọ iye rẹ̀ àti wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣe. Bó bá ń mu ju kúọ́ọ̀tì kan lọ ní wákàtí 10, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tú. Má da irú ọ́ìlì méjì pọ̀ o, bí agolo wọn tilẹ̀ jọra. Kó o sì wọ ìbọ̀wọ́, ọ́ìlì yẹn kì í ṣe òrí.

Lẹ́yìn tó o bá ti dé géèjì padà, fi ọwọ́ mì í, kó lè dá ọ lójú pé ó ti dì. Lẹ́yìn náà, pe ẹlòmíràn kó wá fi ọwọ́ tirẹ̀ mì í.

Ìyá Ẹlẹ́rọ, Ẹ̀gbẹ̀
Ẹ̀yin ọmọ mi, okun o. Èmi tí mò ń lọ ẹ̀gẹ́ nílé, bí ọ́ìlì bá tán nínú ẹ̀rọ mi, yóò gan pa ni, mà á sì gbé ìjókòó sílẹ̀ de mẹkáníìkì. Tiyín tó wà lókè ńkọ́?

Bọ̀dá Mọ̀pà, Anchorage
Okun, ìyá wa. Tiwa le jù bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì kan náà tó ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì máa yọ̀ ló ń ti ewé abẹ́bẹ̀ iwájú kó lè gbá afẹ́fẹ́. Bí agbára ọ́ìlì bá lọ, sípíríǹgì á yí ewé náà padà, á fi ẹ̀gbẹ́ tínrín la afẹ́fẹ́ bí ọ̀bẹ, kò sì ní fa ọkọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí awakọ̀ fi ń ṣọ́ géèjì agbára ọ́ìlì: 85 sí 105 lórí ìwọ̀n psi ló yẹ kó wà.

Ìyá Ẹlẹ́rọ, Ẹ̀gbẹ̀
Háà! Ọmọ Ìsánlú, jẹ́ kí wọ́n bá ọ mì í o.

Ọmọ Ìsánlú, Yellowknife
Mo gbọ́, mà. Ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n pa á ni mo yọ géèjì: kúọ́ọ̀tì kan ló kù kó pé. Mi ò bu nǹkan kan sí i. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀gá mi sì ti wá mì í.