Ta ló ti wo fíìmù Tatiana Samoilova, òṣèrébìnrin ará Rọ́ṣíà yẹn, rí? Ẹ sọ tiyín

Mọ́síkò ni mo ti kàwé láyé ìjọba Soviet. Tó bá ti di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún, tí wọ́n ń ṣàjọ̀dún bí wọ́n ṣe ṣẹ́gun Jámánì, fíìmù ogun ló máa ń kún tẹlifíṣàn wọn. Ìbọn, ọ̀gágun, àsíá. Ó ti sú mi. Àfi ọjọ́ tí wọ́n fi "Letyat zhuravli" ("The Cranes Are Flying" lédè Gẹ̀ẹ́sì) hàn, fíìmù tí olùdarí Mikhail Kalatozov ṣe lọ́dún 1957. Samoilova ló ṣe Veronika, ọmọge tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ sójú ogun tí kò padà wálé mọ́.

Ẹ wo ibi tí bọ́ǹbù ti ba ilé wọn. Veronika sáré gun àtẹ̀gùn, iná ń jó lọ́tùn-ún lósì, ó ṣílẹ̀kùn ilé àwọn òbí rẹ̀. Kò sí yàrá mọ́, òfìfo ni. Aago ara ògiri nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìyá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, tí kì í rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni, ń nu ojú. Mo fẹ́ bi í léèrè, ó ní kí n panu mọ́, kí n máa wò ó.

Veronika wá lọ fẹ́ mọ̀lẹ́bí àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Inú bí àwọn tá a jọ ń wò ó. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni Samoilova ti fakọ yọ: kò bẹ̀ wá pé ká ṣàánú òun.

Fíìmù yẹn gba Palme d'Or, ẹ̀bùn tó ga jù lọ níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1958. Ó yẹ kí iṣẹ́ máa rọ́ wá bá Samoilova. Wọ́n ní Hollywood náà fẹ́ ẹ, ìjọba ò gbà. Láyé ìgbà yẹn, ta ló tó jáde nílùú láìgbàṣẹ? Òun àti Kalatozov tún ṣe ọ̀kan nínú igbó Siberia, ó ṣe Anna nínú fíìmù "Anna Karenina" lọ́dún 1967, lẹ́yìn náà iṣẹ́ wá wọ́n. Ó dùn mí.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èmi ò dé Rọ́ṣíà rí o, orí YouTube ni mo ti wo Anna Karenina yẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé Vasily Lanovoy tó ṣe Vronsky, olólùfẹ́ Anna nínú fíìmù náà, ọkọ àárọ̀ Samoilova ni? Wọ́n ti kọra wọn sílẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó wá ń ṣe olólùfẹ́ níwájú kámẹ́rà. Háà! Èmi ò lè ṣe é láé, iye yòówù kí wọ́n san. Ti inú igbó Siberia yẹn ńkọ́, kí lorúkọ rẹ̀? Mo fẹ́ wá a lálẹ́ òní.