Báwo lẹni tí wọ́n bí sóko ẹrú ṣe tẹ ìlú dó?

Àjọkẹ́_Onítàn:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Mo ń kà nípa Frank McWorter tí wọ́n ń pè ní Free Frank, wọ́n ní òun àti ìdílé ẹ̀ ló tẹ New Philadelphia dó ní Illinois lọ́dún 1836, nígbà tí wọ́n ṣì ń kó èèyàn lẹ́rú lápá gúúsù. Ṣé ẹrú kọ́ ni wọ́n bí i ní South Carolina lọ́dún 1777 ni? Níbo ló ti rówó ilẹ̀? Kí ló dé tí ìlú ọ̀hún ò sí mọ́?

Baba_Ìbejì:
Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni o. Nígbà tí ọ̀gá ẹ̀ mú un lọ Kentucky, ó máa ń bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́, á san ti ọ̀gá, á tọ́jú èyí tó bá kù, lẹ́yìn ìyẹn ló tún ń ṣe iyọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi ń po ẹ̀tù ìbọn tà. Lọ́dún 1817 ó ra Lucy ìyàwó ẹ̀ sílẹ̀ ní $800. Ìyàwó ló kọ́kọ́ rà o, kì í ṣe ara ẹ̀! Torí lábẹ́ òfin wọn, ìyá lọmọ ń tẹ̀ lé, tí ìyá bá ti dòmìnira ọmọ tó bá bí látìgbà yẹn ti bọ́ nìyẹn. Ọdún 1819 ló tó ra ara ẹ̀, $800 náà ni.

Àjọkẹ́_Onítàn:
Háà! Ẹ ṣé gan-an sà. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti bí ṣáájú ńkọ́?

Baba_Ìbejì:
Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Frank kékeré ti sá lọ Kánádà, bàbá ẹ̀ fi gbogbo ibi iṣẹ́ iyọ̀ yẹn ṣe pàṣípààrọ̀ fún òmìnira ọmọ náà lọ́dún 1829, ohun tó ń mówó wọlé fún un nìyẹn o. Ọdún kejì ni wọ́n kó kúrò ní Kentucky, àwọn ọmọ ẹ̀ Judy, Sally àti Solomon ṣì wà lóko ẹrú. Ìdí tó fi tẹ ìlú nìyẹn, ó ní kí wọ́n wọn éékà 42, wọ́n pín in sí pulọ́ọ̀tì 144, ó ń tà á fún aláwọ̀ dúdú àti funfun, owó yẹn ló ń kó lọ ra àwọn ọmọ àtọmọọmọ ẹ̀. Lọ́dún 1837 ilé aṣòfin Illinois fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ́ McWorter lábẹ́ òfin, kó lè ra nǹkan, kó tà, kó sì pẹjọ́.

Tóyìn_R:
Ti pé ìlú ò sí mọ́, rélùwéè ló fà á jù lójú tèmi. Bàbá kú lọ́dún 1854, síbẹ̀ ìlú ṣì ń dàgbà, nígbà tó fi máa di 1865 wọ́n ti tó bí 160 èèyàn. Ìgbà tí rélùwéè wá gba ọ̀nà ibòmíì kọjá lọ́dún 1869, àwọn oníṣòwò ń kó lọ díẹ̀díẹ̀, ní 1885 wọ́n yọ èyí tó pọ̀ nínú pulọ́ọ̀tì yẹn kúrò nínú ìwé ìlú, ó padà di oko. Àwọn ìran ẹ̀ ò jẹ́ kó parun ṣá, wọ́n ń pariwo ẹ̀ títí ìjọba àpapọ̀ fi sọ ọ́ di ibi ìtàn lábẹ́ National Park Service, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọgbà àti ibi ìtàn, ní December 2022.