Èsì: “Ìyọ́-yìnyín”? Ta ló fẹ́ yọ́ yìnyín?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú àríyànjiyàn.

Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, n kò dá sí i. Ṣùgbọ́n lálẹ́ àná, ẹ̀gbọ́n wa ní Toronto ní ọ̀rọ̀ ti parí, pé “ìyọ́-yìnyín” ni ká máa pe ìrìn orí òkè tí wọ́n ń fi ski rìn (igi pẹlẹbẹ gígùn méjì tí wọ́n ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ lórí òjò dídì), kí ẹni tó ń rìn ín sì máa jẹ́ “ayọ́-yìnyín”. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ò lè dákẹ́ sí eléyìí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: àbúrò wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Geneva ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ rin Haute Route ní oṣù Kẹrin, láti Chamonix ní ilẹ̀ Faransé títí dé Zermatt ní Switzerland, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lórí òkè, pẹ̀lú amọ̀nà tí wọ́n háyà. Amọ̀nà yìí ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórí ẹrù tí kálukú máa gbé. Ìyá àbúrò wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó wá ń bi í lórí fóònù pé irú ìrìn wo nìyẹn, ta ló sì lé wọn lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí yóò fi dá ìyá lóhùn ló wá béèrè lọ́wọ́ wa. Lẹ́tà rẹpẹtẹ ló ti tẹ̀lé e, ìyá ò tíì gbọ́ èsì kankan.

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ o. Yọ́, olóhùn òkè: òrí ń yọ́, alágbẹ̀dẹ ń yọ́ irin. Iṣẹ́ oòrùn ni ìyọ́-yìnyín, tàbí iṣẹ́ ìkòkò lórí iná. Tẹ́ ẹ bá tilẹ̀ ń wá ayọ́-yìnyín lórí òkè yẹn, ẹ ó rí i lóòótọ́: àwọn tó ń tọ́jú ilé ìsinmi tó wà lókè pátápátá, níbi tí kò ti sí omi ẹ̀rọ, tó jẹ́ pé òjò dídì ni wọ́n ń gbé kaná kí àlejò tó rí tíì mu. Àwọn yẹn lẹ fún lórúkọ, kì í ṣe àbúrò wa.

Ẹ ti fèsì pé “yọ́” ti “yọ́ kẹ́lẹ́” lẹ ní lọ́kàn, bí ológbò ṣe ń yọ́ rìn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n yọ́ yẹn kì í gba àbọ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀-orúkọ tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe. A kì í yọ́ yàrá, a máa ń yọ́ wọ yàrá ni. Bẹ́ ẹ bá ti lẹ yìnyín mọ́ ọn nídìí báyìí, yíyọ́ ti orí iná ló kù tí etí máa gbọ́.

Ẹlòmíràn ní ká ṣáà sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, kó di yọ̀, bí ilẹ̀ ṣe ń yọ̀ lẹ́yìn òjò. Ẹ gbà mí o! Ṣé a ti gbàgbé ohun tó máa ń ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e ni? Rà di ra nínú “ra iṣu”, kọ̀ di kọ nínú “kọ ìyàwó”. Bẹ́ẹ̀ náà ni yọ̀ yóò ṣe di yọ, tí “ìyọ-yìnyín” á sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu yín. Ìyọ-yìnyín wá ni iṣẹ́ katakata tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì, ẹ̀gbọ́n tó ń gbé Toronto mọ ìyẹn jù mí lọ. Ohùn mẹ́ta, kò sí ọ̀kan tó gbé wa kúrò nílẹ̀.

Yìnyín náà ò tilẹ̀ tọ̀nà. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù ń pe gbogbo ohun funfun tó bá já láti ojú ọ̀run. Ẹ ṣí ìwé Jóòbù, orí 38, ẹsẹ 22. Òjò dídì wà níbẹ̀, yìnyín wà níbẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Yìnyín ló na màlúù àwọn ará Íjíbítì nínú Ẹ́kísódù; òjò dídì kì í na màlúù. Kì í sì í ṣe àṣejù onígírámà lèyí. Awọ tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ ski láti fi gòkè máa ń di òjò dídì mú, ṣùgbọ́n tó bá dé orí yìnyín gidi, ìyẹn tó le, tó ń dán, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ padà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí amọ̀nà fi kọ “couteaux” sínú lẹ́tà: ọ̀bẹ. Irin eléyín ni, tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ bàtà níbi tí yìnyín bá ti pọ̀. Ẹni tó bá ń pe méjèèjì ní orúkọ kan, báwo ló ṣe máa sọ fún ọmọ ìyá pé ó yá, yọ ọ̀bẹ?

Ẹnìkan ti bi mí rí níbí pé kí ni mo mọ̀. Ní Martigny ní Switzerland ni mo wà, ní ibi tí wọ́n ti ń háyà irinṣẹ́ òkè, ọwọ́ mi yìí ló sì ń tún awọ wọ̀nyẹn ṣe. Láyé àtijọ́, awọ ẹran omi tí wọ́n ń pè ní seal ni. Títí dòní “peau de phoque” làwọn ará ibí ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun ewúrẹ́ mohair tàbí náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí. Irun rẹ̀ sùn sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ti pákó (ìyẹn ski, bí mo ṣe ń pè é) síwájú, á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tó bá fẹ́ fà sẹ́yìn, irun á dìde, á gbá òjò dídì mú. Lẹ́yìn awọ náà ni ohun tó ń lẹ̀ mọ́ pákó wà. Gbogbo yín ń wá ọ̀rọ̀ tuntun fún un, ẹnìkan tiẹ̀ kọ “gúlúù”. Àtè ni! Àtè tí bàbá àgbà mi ń fi mú ẹyẹ ní ẹ̀yìn oko, tí wọ́n á rọra fi ra ara ẹ̀ka, tó jẹ́ pé tó bá kan irun apá rẹ, wàá fi omijé yọ ọ́. Bí mo bá ń ya awọ méjì kúrò lára ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, tó ń dún fàà, mo máa ń ronú pé bàbá ì bá ti mọ orúkọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn. Àwọn àgbà yẹn kì í dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó yẹ àpò wọn wò.

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an rèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jà lórí yíyọ̀ àti yíyọ́, sísọ̀kalẹ̀ nìkan lẹ rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Ìrìn yìí, gígùn òkè ni. Wọ́n á jí kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí ní oṣù Kẹrin oòrùn á ti rọ òjò dídì bó bá di ọ̀sán, ewu á sì pọ̀. Wọ́n á gùn fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún, kì í ṣe tààrà, kọ́lọkọ̀lọ ni, gìgísẹ̀ ń gbéra ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìka ẹsẹ̀ nìkan ló so mọ́ pákó. Tí wọ́n bá dé ọ̀nà àárín òkè méjì, wọ́n á ṣí awọ, wọ́n á ti gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n tó yọ̀ lọ sísàlẹ̀, tí kì í sì í pẹ́ tó gígùn náà kó tó tán. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìrìn tó jẹ́ pé gígùn ló kún inú rẹ̀, ẹ wá fi yíyọ̀ sọ ọ́ lórúkọ!

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká sọ pé “ìrìn-òkè orí òjò dídì”, ká sì pe ski ní pákó. Ará wa kan láti Kẹ́tu bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé wọ́n máa rún un lẹ́nu ni. Ẹ̀gbọ́n mi, pákò là ń rún. Pákó ni mo kọ, ohùn òkè méjì; ẹ̀yin lẹ kọ “pako” láìfi àmì sí i, tẹ́ ẹ wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó ni nǹkan náà kò tilẹ̀ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: skíð ni wọ́n ń pè é ní èdè àtijọ́ àwọn ará Norway, igi tí a là ni ìtumọ̀ rẹ̀. Igi lílà! Wọn ò dá fáwẹ̀lì kankan lóró.

Ẹni tó ní eré òyìnbó ni, kí Yorùbá yéé da ara rẹ̀ láàmú, ẹ lọ bi àwọn ará Davos ní Switzerland. Ní oṣù Kẹta 1894 ni Arthur Conan Doyle, òǹkọ̀wé Sherlock Holmes, fi pákó kọjá òkè láti Davos lọ sí Arosa, àwọn ọmọ ìyá méjì tó ń jẹ́ Branger ló mú un lọ. Àwọn Branger yẹn, alẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, torí àwọn ará ìlú wọn ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Òyìnbó náà kọ́ ọ ni.

Lórí “òkè-wíwó” tí ará Ìbàdàn wa mú wá fún avalanche, ìyẹn òjò dídì tó ń ya lulẹ̀ láti orí òkè: òkè ò wó o. Òkè wà níbi tó wà, òjò dídì orí rẹ̀ ló ya. Ẹni tó bá dàgbà tó láti rántí Ògùnpa ní 1980, tó mọ omíyalé, kò yẹ kó máa wá ọ̀rọ̀-ìṣe míì kiri. Ya náà ni: ó ń ya bí aṣọ, lójú ìlà kan, ó sì ń ya luni bí àgbàrá. Ìyalulẹ̀ òjò dídì. Ibi tó bá dagẹ̀rẹ̀ tó ìwọ̀n dígírì 30 sí 45 ló ti ń ya jù, amọ̀nà á sì ti ka ìkìlọ̀ ọjọ́ náà, tí wọ́n ń fi nọ́ńbà 1 sí 5 kọ, kó tó mú ẹnikẹ́ni jáde. Ẹ̀rọ awáni, tí wọ́n fi ń wá ẹni tó bá rì sábẹ́ òjò dídì, tí gbogbo wọn ń lo ìgbì 457 kHz, á wà láyà kálukú. Ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gún ilẹ̀ wò àti ṣọ́bìrì á wà nínú àpò ẹ̀yìn. Tí wọ́n bá hú ẹni tó rì sábẹ́ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15, ìrètí ṣì wà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń já wálẹ̀ kíákíá. Ẹ má ka èyí fún ìyá ní Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ó ku amọ̀nà. Mo dúró lórí amọ̀nà. “Afọ̀nàhàn” lè dúró ní oríta, kó nàka, kó padà sílé. “Atọ́nisọ́nà” ń run òórùn ìwàásù. “Aṣíwájú” ló bá iṣẹ́ náà mu jù, torí òun ló ń la ojú ọ̀nà, òun ló sì ń kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ kí àwọn yòókù tó tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tí gbogbo ayé máa rò tẹ́ ẹ bá pe orúkọ yẹn ní Èkó. Bàbá wa ní Abẹ́òkúta tako amọ̀nà, wọ́n ní a kì í pe ẹni tó lè ṣìnà ní amọ̀nà, wọ́n sì tọ́ka sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òpin oṣù Kẹrin 2018, nígbà tí ìjì ká ènìyàn 14 mọ́ orí òkè létí Pigne d'Arolla, lójú ọ̀nà Haute Route yìí kan náà. Gbangba ni wọ́n sùn mọ́jú, ilé ìsinmi Vignettes kò sì jìnnà sí wọn rárá. Èèyàn méje ló kú, amọ̀nà wà lára wọn. Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹni tó mọ̀nà náà ni ìkùukùu ń bò lójú. Babaláwo tó ṣi ifá dá, ṣé kì í ṣe babaláwo mọ́ ni? Láti 1821 làwọn amọ̀nà Chamonix ti ní ẹgbẹ́, ikú ò sì yé pa wọ́n. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà.

Àbúrò, sọ èyí fún ìyá: “Màámi, a fẹ́ rìn lórí òkè tí òjò dídì bò. A ó wọ pákó méjì sẹ́sẹ̀, awọ tí a fi àtè lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ ni kò ní jẹ́ ká yọ̀ padà. Ilé ìsinmi wà lójú ọ̀nà tí a ó máa sùn, amọ̀nà sì wà níwájú wa.” Tí wọ́n bá tún béèrè ẹni tó lé yín lọ, ìyẹn ò kan èdè.

Ohun tó di bàtà mọ́ pákó ni mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún. Mo ti rí i tí ẹ̀yin méjì kọ “ìdè”. Ẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé fún mi bí ìdè ṣe máa jẹ́ kí gìgísẹ̀ gbéra.