Olú kọ́ ni olù, NAS kọ́ ni ìránṣẹ́

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo ilé tí a jọ ń kọ lẹ́tà síra wa.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ló da ìbéèrè méjì sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àkọ́kọ́: èwo ni kí àwọn rà sílé, ṣé NAS ni, àpótí díìsì tí gbogbo ilé ń kó fáìlì sí, àbí kọ̀ǹpútà kékeré, irú Raspberry Pi tàbí àwọn àpótí kékeré tó ń lo ọpọlọ Intel N100 wọ̀nyí? Wọ́n fẹ́ kó fọ́tò ẹbí, fídíò ìgbéyàwó àti kásẹ́ẹ̀tì ìwàásù bàbá wọn tó ti dolóògbé síbì kan, kí àwọn tó wà n'Íbàdàn náà lè máa rí i wò. Ìkejì: kí ni ká máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá? Kí ẹnikẹ́ni tó dá wọn lóhùn lórí ti àkọ́kọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n wa ti dáhùn ti ìkejì. Wọ́n ní "ìránṣẹ́-ilé" ni àwọn méjèèjì, nítorí pé server ni àwọn méjèèjì, ẹ̀rọ tó ń fún àwọn ẹ̀rọ mìíràn ní ohun tí wọ́n bá béèrè. Ẹni tó bá sì fẹ́ ọ̀rọ̀ tó wúwo, kó máa pè é ní "olúpèsè."

Olú, ẹ̀yin èèyàn mi! Olú olóhùn òkè ló wà nínú olú-ìlú àti olú-iṣẹ́, olórí nǹkan ló ń tọ́ka sí. Olù olóhùn ìsàlẹ̀ ló wà nínú olùkọ́, olùṣọ́, olùgbàlà, ẹni tó ń ṣe nǹkan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ "olúpèsè" nínú lẹ́tà kan ṣoṣo, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ìka ló yọ̀. Àpótí tó jókòó sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ti joyè mọ́ wa lójú báyìí. Nígbà tí àbúrò wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá tọ́ka sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, èsì tó rí gbà ni pé àwọn ti ń kọ́ni ní fonọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ìró èdè, kí wọ́n tó bí i, àti pé kó lọ ka àkọtọ́ 1974, ìlànà bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀. Mo ka àkọtọ́ náà. Òun ló sọ aiye di ayé, òun ló sọ ọkọnrin di ọkùnrin. Kò sọ olù di olú.

Ìránṣẹ́ ńkọ́? Akọ̀wé ló ń kọ ìwé, apẹja ló ń pa ẹja. Ìránṣẹ́ kò rán ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀, òun ni wọ́n rán. Ì- ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ a- rárá, ó yà mí lẹ́nu pé fonọ́lọ́jì ni wọ́n fi dá àbúrò wa lóhùn nígbà tó jẹ́ pé mofọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ló wà nílẹ̀. Ẹni tí a bá sì rán níṣẹ́, a máa jáde nílé. Ẹ̀rọ tí à ń wí yìí kì í lọ síbì kankan, fóònù àti laptop ló ń wá bá a níbi tó jókòó sí. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé fóònù ló ń rán an. Kò burú, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé dandan ni ká mú ọ̀rọ̀ láti inú Bíbélì, agbọ́tí tí Nehemáyà jẹ́ láàfin ọba sún mọ́ iṣẹ́ server ju ìránṣẹ́ lọ.

Gbogbo èyí, mo lè fi ojú fò ó. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n fi orúkọ kan ṣoṣo pe nǹkan méjì tí iṣẹ́ wọn ò jọra, lójú ẹni tó fẹ́ ná owó. A ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ohun tó ń jẹ́ "ẹ̀rọ ayélujára": àwọn kan á ní kọ̀ǹpútà ni, àwọn kan á ní íntánẹ́ẹ̀tì ni, tíṣà pàápàá á máa lò ó fún méjèèjì nínú ìpínrọ̀ kan náà. "Ayárabíàṣá" ò sàn jù ú lọ. Ó sọ bó ṣe ń yára, kò sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹni tó bá sì ti jókòó ti Raspberry Pi àkọ́kọ́ tó jáde ní 2012 yóò mọ̀ pé àṣá mìíràn ti darúgbó.

Àwọn àgbà tó sọ alùpùpù lórúkọ ò pe ìpàdé. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń dún, wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé sì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Àwọn kan náà ló sọ pé ọkọ̀ ojú irin, tí ọmọ ọdún mẹ́ta gbọ́ tó mọ ibi tí ọkọ̀ náà ń gbà. (Ẹ má fi okadà dá mi lóhùn o. Mo mọ̀ pé òun ló gba ìgboro. Orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé, orúkọ ò kógbá wọlé. Ìyẹn tó ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.)

Èmi gbà pé àká ni NAS. Lóko bàbá bàbá mi, orí ẹsẹ̀ igi ni wọ́n ń kọ́ àká lé kí eku má baà ráyè gùn ún, ilẹ̀kùn rẹ̀ kéré, kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ló lè dá ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ohun tí ẹ bá kó sí i ló ń pa mọ́, ẹni tó bá láṣẹ ló ń fún. Ohun tí NAS ń ṣe nìyẹn: díìsì méjì tàbí mẹ́rin nínú àpótí, okùn kan sí ara rọ́tà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní password tirẹ̀, ó parí. Kọ̀ǹpútà kékeré, alágbàṣe ni. Iṣẹ́ tí ẹ bá gbé fún un ni yóò ṣe: Jellyfin fún fídíò, Immich fún fọ́tò, Nextcloud fún ìwé, Pi-hole láti lé ìpolówó ọjà dànù. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti dúró tì í kí ẹ sọ iṣẹ́ náà fún un, ẹ sì ní láti ra díìsì fún un lọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn NAS ńlá ti ń gba iṣẹ́ àgbàṣe kún tiwọn, ìyẹn ò sọ pé ká da orúkọ méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wá dé orí owó yín. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan, bí ẹ bá gbà á sílẹ̀ ní WAV, fáìlì ohùn tí a kò fún pọ̀, tó mọ́ bíi ti CD, bíi 635 MB ni. Ọgọ́rùn-ún kásẹ́ẹ̀tì ò tó 65 GB. Díìsì 4 TB kan yóò gbé ìwàásù bàbá, yóò gbé ìgbéyàwó gbogbo ẹbí, àyè á tún ṣẹ́ kù, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àpótí oníhò mẹ́jọ, tó ń gba díìsì mẹ́jọ, fún yín. Ẹ̀yin fúnra yín sọ pé ẹ ò mọ Linux, ètò tí wọ́n sábà fi ń darí irú alágbàṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò sì ní àsìkò láti kọ́ ọ. Àká ni kí ẹ rà, oníhò méjì, ì báà jẹ́ Synology, ì báà jẹ́ QNAP, Taiwan ni àwọn méjèèjì ti wá. Ẹ yẹ irú díìsì tó ń gbà wò kí ẹ tó sanwó: ní oṣù kẹrin 2025 Synology kéde pé àwọn NAS rẹ̀ tó ń jẹ́ Plus ti ọdún náà fẹ́ díìsì tí ilé iṣẹ́ wọn fọwọ́ sí, àwọn oníbàárà fárígá, wọ́n sì tú okùn náà ní oṣù kẹwàá pẹ̀lú DSM 7.3, ètò tó ń darí NAS wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n pe RAID, ìyẹn kí díìsì méjì máa gbé ohun kan náà pọ̀, ní "ìdáàbòbò onílọ́po méjì." Kì í ṣe ìdáàbòbò. Bí díìsì kan bá kú, ìkejì ń bá iṣẹ́ lọ, ibẹ̀ ló mọ sí. Bí ọmọ bá fọwọ́ pa fọ́tò màmá rẹ́ lórí ọ̀kan, ó ti pa rẹ́ lórí ìkejì lójú ẹsẹ̀. Olè tó bá gbé àpótí lọ, díìsì méjèèjì ló gbé. Ẹ̀dà gbọ́dọ̀ wà ní ilé mìíràn.

Ilé mìíràn náà ni Ìbàdàn, ibẹ̀ ni alágbàṣe wúlò sí. Kọ̀ǹpútà N100 kan, díìsì ńlá kan, kó máa gba ẹ̀dà láti Peckham lóru. Mi ò ní dámọ̀ràn Raspberry Pi tó ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì microSD fún ilé tí wọ́n ti ń mú iná lọ gìrì, torí bí iná bá lọ níbi tó ti ń kọ nǹkan sórí káàdì, káàdì lè bàjẹ́, kò sì ní jí mọ́. Ẹni tó bá gbé e sórí SSD, díìsì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ti bọ́ nínú púpọ̀ nínú ìyẹn. Ọ̀nà yòówù kó jẹ́, ẹ fi UPS, bátìrì tó ń gbé iná dúró fúngbà díẹ̀, tó ní okùn USB tì í, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé iná ti lọ kó sì rọra pa ara rẹ̀ bó ṣe yẹ. Owó iná ò ní pa wọ́n: bó bá ń fa wáàtì 15 tọ̀sán-tòru, yúnìtì 131 ni lọ́dún. Bí a bá fi ₦225 tí wọ́n kéde fún yúnìtì kan fún Band A, àwọn tó ń rí iná jù lọ, ní oṣù kẹrin 2024 ṣírò rẹ̀, kò pé ₦30,000.

Ohun kan tún kù tí ẹ ò béèrè. Ẹ má ṣí port kankan, ẹnu ọ̀nà tí ará íta lè gbà wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí rọ́tà yín kí àwọn ará ilé lè rí fọ́tò. Ní oṣù kìíní 2022, DeadBolt, ètò àwọn ọ̀daràn tó ń fi fáìlì gba owó ìràpadà, wọ inú ọ̀pọ̀ QNAP tó kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì tààrà, ó ti fáìlì pa, ó ń béèrè bitcoin. Ẹ fi Tailscale, ètò tó ń so ẹ̀rọ yín pọ̀ ní ọ̀nà ìkọ̀kọ̀, sórí àká, sórí alágbàṣe àti sórí fóònù gbogbo wọn. Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì, ni wọ́n ń lò n'Íbàdàn, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, àdírẹ́sì tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń pín ló sì ń fún àwọn oníbàárà ilé, port tí ẹ bá ṣí lọ́hùn-ún kò ní rí ẹni wọlé.

Ìyá wa láti Abẹ́òkúta ti kọ̀wé sí mi lábẹ́lẹ̀ pé abà ló yẹ kí n sọ, pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò gbọ́ àká rí. Abà tí èmi mọ̀, èèyàn ń sùn síbẹ̀, ajá ń sùn síbẹ̀, wọ́n tún ń dáná. Bó bá jẹ́ ibi ìkóǹkansí ni lọ́dọ̀ tiyín, mà, ẹ fi gbólóhùn kan tí wọ́n ti lò ó bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ilé, kì í ṣe sí èmi nìkan. Ti kọ̀ǹpútà àti kọ̀mpútà tí àbúrò wa fẹ́ gbé dìde, mi ò sí níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni kó lọ bá jà á.